Ẹ Gbé Àpò Gọ́ọ̀fù Dé Alímọ̀ṣọ́? Ẹ Gbọ́ Ná

Kò sí pápá gọ́ọ̀fù ní Alímọ̀ṣọ́. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó ọkọ̀ ṣòfò. Kò sí ní Ìkòtún, kò sí ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò sí ní Ìgàndo. Ẹni tó bá sọ fún yín lórí fóònù pé òun mọ ọ̀kan lẹ́yìn Gowon Estate, pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń sọ. Síbẹ̀, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, àwọn ará wa tó ń bọ̀ wálé ṣe ayẹyẹ láti London àti Houston á gbé àpò gígùn kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á ní níbo ni pápá ìjọba ìbílẹ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú lọ́hùn-ún, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni pápá: wàá sanwó lẹ́nu ọ̀nà, wàá lu bọ́ọ̀lù rẹ, wàá gba ilé lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ṣì ń bá gọ́tà jà.

Àwọn ará ilé nìkan kọ́ ló ń béèrè. Láti ìgbà ayé wòlíì T. B. Joshua, tó di olóògbé ní 2021, ni Ìkòtún ti ń gba àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè wá sí ìjọ Synagogue rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì sì hù yí àdúgbò náà ká bí olú. Inú irú òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí òyìnbó kan tó ń fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù lu afẹ́fẹ́ nínú ọgbà, tí ọlọ́dẹ ń wò ó bí ẹni ń wo eégún tí kò mọ ìdílé rẹ̀.

Ẹ wo ìdí tí kò fi lè sí. Pápá oní ihò 18 ń gba bíi hẹ́kítà 50 sí 60. Pulọ́ọ̀tì tí a mọ̀ ní Èkó kò ju ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 lọ. Ẹ pín in fúnra yín: pápá kan ṣoṣo á gbé nǹkan bíi pulọ́ọ̀tì 750 sí 900 mì. Ní Alímọ̀ṣọ́, tí wọ́n ti ń ta ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, tí ẹlòmíràn tún ń pín ààbọ̀ náà sí méjì, ta ni yóò fi ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí koríko lè hù? Nígbà ìkànìyàn 2006, Àjọ Ìkànìyàn kéde 1,277,714 fún wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tiwọn, wọ́n ní 2,047,026. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú, àwa la pọ̀ jù nínú ìjọba ìbílẹ̀ Èkó. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ ń gé Èkó sí wẹ́wẹ́ ní 2003, apá mẹ́fà ni wọ́n gé Alímọ̀ṣọ́ nìkan sí. Ibi tí èrò pọ̀ tó báyìí, ilé ló ń hù níbẹ̀.

Ìkẹjà ló wá kù tó sún mọ́ yín jù. Ikeja Golf Club wà ní GRA Ìkẹjà, oní ihò 18. Ọgbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti gbogbo ayé, nítorí náà ẹ má kàn gbé àpò lé èjìká kí ẹ forí lé géètì. Ẹ wá ọmọ ẹgbẹ́ kan tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti òkèèrè, ẹ kò ní ṣàì ní ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí ọ̀gá ilé ìwé àtijọ́ tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ pè é lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ má pè é láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Kí ẹ bi í léèrè owó pápá, owó kádì (ẹni tó máa bá yín gbé àpò), àti bóyá wọ́n ń yá àlejò ní ọ̀pá. Iye tí mo bá kọ síbí á ti gbó kí ẹ tó kà á tán, bí náírà ṣe rí yìí. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù fún àlejò. Ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, àwọn onílé ló ń lò ó.

Ẹni tó fẹ́ dín ìnáwó kù, kó ní ihò 9 lòun fẹ́ lù, kó má lu 18. Mo ní ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ kí ẹ lu 9, mo máa sọ ọ́ tó bá yá. Ẹ má ra bọ́ọ̀lù tuntun. Èyí tí àwọn ọlọ́lá ti lù sọnù sínú igbó, tí àwọn kádì ṣà jáde tí wọ́n sì fọ̀, ni kí ẹ rà; ọ̀nà igbó kan náà ni tiyín náà máa gbà lọ. Òfin gba ọ̀pá 14 láyè nínú àpò ẹnì kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ danfo kò nílò ju 6 tàbí 7 lọ.

Mo mẹ́nu ba danfo. Àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ gba Akòwọ́njọ jáde sí Dòpèmú, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì BRT lójú títì Abẹ́òkúta. Ọ̀nà rẹ̀ láti Abúlé-Ẹ̀gbá sí Ọ̀ṣọ́dì ti ṣí láti 2020, ó sì ń gba Ikeja Along kọjá. Ẹ ní káàdì Cowry lọ́wọ́ o, torí wọn kì í gba owó nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ Agége lè wọ rélùwéè Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù Kẹwàá 2024: láti ibùdókọ̀ Agége sí ti Ìkẹjà, ẹ ò ní rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kankan, àfi èyí tí ẹ bá wò lójú fèrèsé. Láti Ikeja Along, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ tàbí kí ẹ pe Bolt wọ GRA. Àwọn ará Ìkòtún lè gba Ìdímù já sí Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí kí wọ́n gba Èjìgbò àti Ìsọlọ̀. Ọ̀nà méjèèjì burú. Ẹ kúrò nílé ní agogo márùn-ún ìdájí, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n burú.

Ẹ̀yin ará Ìgàndo, ojú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrí ni tiyín. Bí ẹ bá ti dé ráńdábàòtù Ìṣẹrí, ẹ yọ ojú kúrò lórí fóònù díẹ̀. Orúkọ ńlá ni orúkọ yẹn láàárín àwa Àwórì. Wọ́n ní nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àwo kan ló gbé sórí omi, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e létí odò láti ibùdó dé ibùdó, wọ́n ń tẹ̀dó níbi tí àwo bá ti dúró, tó bá tún gbéra, wọ́n á gbéra. Ìṣẹrí wà lára ibi tí ó ti dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé Ìṣẹrí mìíràn wà létí odò Ògùn, àwọn yẹn náà sì ń sọ pé tàwọn ni ìtàn. Ẹ bá wọn jà níbẹ̀. Níhìn-ín, Ìṣẹrí Ọlọ́fin là ń pè é, a kì í bá àlejò jiyàn lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àpò kù. Kọ̀ńdọ́ á gba owó ẹrù, kò sí àwíjàre. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbéra. Àpò gígùn tó kún fún irin tún máa ń dá ọlọ́pàá lọ́nà dúró. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró, ẹ má dúró de ìbéèrè: ẹ kí wọn, ẹ ṣí ṣíìpù, ẹ fi bọ́ọ̀lù funfun hàn wọ́n kí ẹ tó fi ọ̀pá hàn. Bọ́ọ̀lù ló ń mú wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fa irin yọ, àlàyé rẹ̀ á gùn.

Ẹ̀wù: ẹ wọ aṣọ ọlọ́rùn, ẹ má wọ jíìnsì, ẹ má wọ sálúbàtà. Kò sí ọgbà gọ́ọ̀fù tó máa gbà á. Ẹni tí kò bá ní, ọjà òkiríkà Katangua wà lọ́hùn-ún ní Abúlé-Ẹ̀gbá, inú Alímọ̀ṣọ́ wa náà ni, ibẹ̀ la ti ń rí aṣọ ọlọ́rùn tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ òkèèrè bọ́ sílẹ̀. Mo ti rí ẹ̀wù tó ní àmì ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Scotland níbẹ̀, tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù. Ìjọba àti ọjà òkiríkà kì í sábà rẹ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà ibi tí àwọn ọlọ́jà wà lọ́jọ́ náà.

Wàyí o, ohun tó ń bí mi nínú jù. Ọmọ Yorùbá ni wá, ìkíni ti mọ́ wa lára, a kì í rí àgbà kí á má kí i. Ṣùgbọ́n pápá gọ́ọ̀fù ni ibì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ìkíni ti lè di ẹ̀ṣẹ̀. Bàbá kan dúró ti bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó ti ya ẹsẹ̀, ó ti tẹ orúnkún díẹ̀, ó ti wo àsíá lẹ́ẹ̀mejì, ó ti gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìn. Àsìkò yẹn gan-an ni àlejò wa á rántí ilé, á wólẹ̀ gbalaja: “Ẹ káàárọ̀ sà! Ẹ kú eré o!” Bọ́ọ̀lù á wọ igbó. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ á ṣì wà nílẹ̀, á máa retí ìdáhùn, kò sì ní mọ ìdí tí Bàbá kò fi súre fún òun.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti ń múra láti lu bọ́ọ̀lù, ẹ dúró níbi tí ẹ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ bàbá ìyàwó yín ni. Ẹ má dúró lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí igun ojú rẹ̀ ti lè máa rí yín, ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sórí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ẹ pa fóònù. Ẹ má mi owó inú àpò, ẹ má húkọ́. Bí ikọ́ bá ń gbọ̀n yín, ẹ rìn sẹ́yìn. Ẹ dúró títí tí bọ́ọ̀lù á fi balẹ̀, tí òun náà á fi sọ ọ̀pá kalẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ wo ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí kí ẹ tó mọ irú ìkíni tó yẹ. Bó bá bọ́ sí ibi tó dáa, ẹ kọ́kọ́ yìn ín, kí ẹ tó kí i. Á dá yín lóhùn dáadáa, á tilẹ̀ béèrè ará ilé. Bó bá wọ igbó, ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnu á máa yún yín láti sọ pé “Ẹ pẹ̀lẹ́ sà,” torí bí èèyàn bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà ohun tí à ń sọ nìyẹn. Lórí pápá, “pẹ̀lẹ́” dà bí ìgbà tí ẹ bá ń ka gbèsè ẹni sí i létí. Ẹ jẹ́ kó gbéra, kó rìn bíi ogún ìṣísẹ̀, kí inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, kí ẹ tó wá sún mọ́ ọn: “Ẹ káàárọ̀ sà.” Ẹ lè tẹríba, ìyẹn ti tó. Ìdọ̀bálẹ̀ lórí koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin, ìyá yín ló máa fọ aṣọ náà.

Ariwo kan ṣoṣo ló wúlò. Bí ẹ bá lu bọ́ọ̀lù tí ó yà sórí èèyàn, ẹ ké “Fọ́ọ̀!” Ẹ má ké “Jésù!” gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ “Fọ́ọ̀” á fi ọwọ́ bo orí. Ẹni tó bá gbọ́ “Jésù” á gbójú sókè láti wò.

Kí á wá sọ̀rọ̀ kádì, torí lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni gọ́ọ̀fù olówó pọ́ọ́kú wà. Kádì kì í ṣe aláàárù. Ó mọ ìhà tí ilẹ̀ dà sí, ó mọ ibi tí omi dúró sí lẹ́yìn òjò àná, ó mọ̀ pé atẹ́gùn tí ẹ ń rí lára igi kì í ṣe òun ló wà lókè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jẹun lórí gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà lónìí, àpò ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Nígbà tí ẹ̀yin ń ka ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú, àwọn ti ń wo ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, tó mọ̀ ọ́n àti tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bó bá ní irin keje, ẹ mú irin keje, kí ẹ má sọ fún un pé ní Essex irin kẹsàn-án lẹ máa ń lò.

Àwọn àlejò kan kọ́ ọ láti òkèèrè tàbí láti ẹnu àwọn ọ̀gá àtijọ́ pé “boy” ni wọ́n ń pè é. Ẹ má dán an wò. Ẹ lè bá ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ nídìí àpò yín. “Bàbá” ni, tàbí “Bọ̀dá” bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, bó bá sì kéré sí yín, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ kí i kí ó tó kí yín. Ẹ ní “Ẹ kú iṣẹ́,” torí iṣẹ́ ló ń ṣe, ẹ̀yin lẹ wá ṣeré. Ẹ fẹnu kò lórí owó kí ẹ tó lu ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì mú owó lọ́wọ́, kì í ṣe tíránsífà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gbé pamọ́ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ra gààrí mímu tàbí ohun tútù láàárín eré, ẹ ra méjì. Ẹni tó bá ṣe báyìí lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mìíràn tó bá padà wá, kádì yẹn ló máa sọ ọjọ́ tí pápá dá, ta ló ní ọ̀pá àlòkù tó fẹ́ tà, àti ọmọ ẹgbẹ́ wo ni inú rẹ̀ máa ń dùn sí àlejò. Kì í ṣe ẹyọ kan péré nínú wọn ni èmi bá wọkọ̀ ní Ìyànà-Ìpájà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ará ilé wa ni wọ́n.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan láti fi ṣòfò, tí ẹ sì ní ọmọ ẹgbẹ́ tó máa mú yín wọlé, ẹ kọjá sí Ikoyi Club, èyí tó gbé ọdún 1938 sínú orúkọ rẹ̀. Àwọn òyìnbó ló dá a sílẹ̀ fún ara wọn, ẹ kò ní fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà yẹn àfi bí ẹ bá ń gbé ife. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ibẹ̀ ni ìtàn kan. Láyé ìjọ́sí, koríko kò sí níbi tí ihò wà. Yanrìn tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ni, àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè é ní browns. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì, ènìyàn á sì máa fi igi gbọọrọ gbá a kó tẹ́jú kí ẹni tó kàn tó lù ú. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń dije Nigerian Open. Sandy Lyle, ọmọ ọdún 20, gba ife náà ní 1978, kó tó di olókìkí káàkiri àgbáyé. Ní 1981, ọmọ England kan tó ń jẹ́ Peter Tupling lu ihò 72 ní 255 ní Ìkòyí: 63, 66, 62, 64. Nígbà náà, kò sí ẹni tó tíì lu irú rẹ̀ rí nínú ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun níbikíbi láyé. Èkó ló ti ṣẹlẹ̀, lórí yanrìn àti ọ́ìlì! Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ará London, wọ́n á ní irọ́ ni. Ẹ lọ wò ó.

Àwọn tó ń lọ sókè: IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 fún ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní pápá oní ihò 9 nínú ọgbà tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 1,000, tòun tigbó rẹ̀. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ kí ẹ tó lọ, wọn kì í fi géètì ṣeré. Ní Àdá, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Túndé Pọ́nnlé, tó dá ilé iṣẹ́ wáyà MicCom sílẹ̀, kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan tòun ti pápá gọ́ọ̀fù sí ìlú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo dárúkọ, èyí ló jọ ohun tí àwọn ará London ń wá jù: ẹ wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ lu gọ́ọ̀fù. Pápá Lakowe náà wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n láti Ìgàndo, ẹ ó ti darúgbó lójú ọ̀nà.

Ojú ọjọ́: oṣù Kẹfà, ẹ jókòó sílé. Àárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ máa ń gbẹ ètè, ilẹ̀ gbígbẹ máa ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù sáré kọjá agbára yín, ẹ ó sì rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n gbá.

Ìdí kejì tí mo fi ní kí ẹ lu ihò 9 rèé. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìkòtún sí Ìdímù tó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà. Agogo mọ́kànlá ló ń ṣí ìkòkò, kí agogo méjì tó lù, ó ti tán. Ewé ẹ̀ẹ̀ran ló fi ń dì í, kì í ṣe ọ̀rá. Ata rẹ̀, tútù ni, kì í ṣe ata rodo pupa: ó yọ́ epo títí tí àwọ̀ fi fò lára rẹ̀, ó fi irú Ìgbẹ̀tì sí i, pọ̀nmọ́, ṣàkì, ẹja gbígbẹ, àti ẹyin sísè tó ti dín kí ó tó jù ú sínú ata. Oorùn irú náà ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí búkà. Ẹ má bi í bóyá ó ní fóòkì. Ẹ má sì sọ pé kó dín ata kù. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú mi, ìrẹsì wọn nìkan ló bù, ó sì gba iye kan náà. Ihò 18 gba wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, ẹ ó tún fi méjì kún un lójú ọ̀nà. Ẹ ò ní bá a. Bí ẹ bá lu 9, tí ẹ kúrò ní GRA kí agogo mẹ́wàá tó lù, ẹ ó bá ìkòkò ní ẹ̀kún. Ẹ gbé àpò gọ́ọ̀fù sábẹ́ bẹ́ńṣì, kó má dí èrò lọ́nà. Ó ń gba tíránsífà, ṣùgbọ́n kò ní fún yín ní ẹran títí fóònù rẹ̀ á fi dún.